Àtúnṣe Tó Ní Òun Ò Dúró Mọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí orí èèyàn ṣe ń gbóná títí táá fi fẹ́ fọ́, ẹ wá di ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà lóko òdòdó róòsì ní Cayambe, ìlú orí òkè tí kò jìnnà sí Quito, nígbà tí Ọjọ́ Olólùfẹ́ bá ku ọ̀sẹ̀ kan. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn. Èmi Germania Cachipuendo ni mò ń pinnu ọjọ́ àti wákàtí tí àwọn ẹ̀rọ oko wa máa gba àtúnṣe tí àwọn tó ṣe ètò inú wọn ń fi ránṣẹ́. Létí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Don Galo tó ni oko kì í yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní, “Ẹnjiníà, ṣé kàlẹ́ńdà lò ń kà jẹun?” Èmi náà á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Don Galo. Ọjọ́ tí mo bá kà á ṣì, gbogbo wa la ò ní jẹun.” Á rẹ́rìn-ín, á máa lọ.

Kọ̀ǹpútà ńlá kan ṣoṣo ló gbé gbogbo oko náà ró. Àwọn obìnrin tó ń di òdòdó ní gbọ̀ngàn ń pè é ní Ìyá Àgbà, torí pé ó ń kùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè ṣe nǹkan kan láì kọ́kọ́ bi í. Òun ló mọ páálí tó ń lọ sọ́dọ̀ oníbàárà wa ní Miami, òun ló sì ń tẹ ìwé àlẹ̀mọ́ tí a ń lẹ̀ mọ́ ara páálí kọ̀ọ̀kan. Páálí tí kò bá ní ìwé yẹn lára, wọn ò ní jẹ́ kó dé ìdí ọkọ̀ òfurufú ní Quito. Òdòdó tí kò bá sì rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀ kí Ọjọ́ Olólùfẹ́ tó dé, màlúù la máa kó o fún.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo oko òdòdó àdúgbò wa fi ní èèwọ̀ kan. Tí oṣù kìíní bá ti dé ìdajì, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fún kọ̀ǹpútà ní àtúnṣe kankan títí ẹrù olólùfẹ́ á fi lọ tán. Má-fọwọ́-kàn-án là ń pè é. Lásìkò yẹn, àwọn obìnrin kì í gbálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá Ìyá Àgbà. Klever tó ń rí sí kíkó ẹrù sọ́kọ̀ tiẹ̀ máa ń ṣe àmì àgbélébùú tó bá ń kọjá níbẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n wá sọ lọ́la pé èémí òun ló bà á jẹ́.

Èèwọ̀ yìí dára, mi ò bá a jà. Àmọ́ àwọn tó ṣe ètò inú Ìyá Àgbà náà ní òfin tiwọn: ọ̀sẹ̀ márùn-ún lo lè fi sún àtúnṣe síwájú. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ mọ́. Á ti ara rẹ̀ pa, á gba gbogbo àtúnṣe tó ti kó jọ sí i lọ́rùn, á sì jí nígbà tó bá wù ú. Má-fọwọ́-kàn-án wa kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ lọ́dọọdún, nítorí náà èmi àti Ìyá Àgbà kì í jà.

Lọ́dún yìí, ẹ̀rù ba Don Galo. Yìnyín ti jó òdòdó wa lọ́dún tó kọjá, ìdajì ẹrù la rí kó jáde. Eérú àwọn ère tí a máa ń sun láti fi dágbére fún ọdún àtijọ́ ṣì wà lójú títì nígbà tó kó gbogbo wa jọ sí gbọ̀ngàn. Ó ní, “Tí ẹrù olólùfẹ́ tọdún yìí ò bá lọ pé, mo máa ti oko yìí pa. Mi ò bá yín ṣeré.” Nǹkan bí ọgọ́ta obìnrin ló dúró síbẹ̀. Ìyá mi, Hermelinda, wà láàárín wọn. Àtìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́ ló ti ń di òdòdó lóko yẹn. Iṣẹ́ náà ló fi tọ́ mi, òun ló fi rán mi lọ sí yunifásítì, kò sì sí oko mìíràn tó máa gba obìnrin ọlọ́jọ́ orí bíi tiẹ̀. Nígbà tá a jáde, ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tí ẹ̀gún ti sọ di gbágungbàgun.

“Germania, má jẹ́ kí nǹkan kan ṣe Ìyá Àgbà o.”

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ọjọ́ yẹn náà ni Don Galo pàṣẹ pé kí Má-fọwọ́-kàn-án bẹ̀rẹ̀. Mo tọ̀ ọ́ lọ, mo ní ó ti yá jù, pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún á pé mọ́ wa lórí nígbà tí ẹrù bá pọ̀ jù lọ.

“Sún un síwájú nígbà náà.”

“Kò ní ṣeé sún mọ́, Don Galo.”

“Ta ló ni ẹ̀rọ?”

“Ẹ̀yin lẹ ni ín.”

“Ẹ̀rọ tí mo fowó mi rà ló wá máa sọ ìgbà tó máa sùn fún mi?”

“Bó ṣe rí nìyẹn.”

Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bí ẹ̀rọ náà. A fà á, a fà á, kó tó wá fún mi ní ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo ní ìparí oṣù kìíní. Kí n gba àtúnṣe lọ́jọ́ yẹn, kí kíkà ọ̀sẹ̀ márùn-ún tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí kálukú sì lọ simi. Ẹ wo bí mo ṣe múra sílẹ̀. Mo ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú Ìyá Àgbà. Mo ra bizcocho, búrẹ́dì kéékèèké gbígbẹ ibí, àti wàràkàṣì tí mo máa jẹ nídìí ẹ̀rọ. Mo ti wọ bàtà ẹsẹ̀ kan nígbà tí fóònù dún.

“Ẹnjiníà, má wá mọ́. Mo ń lo kọ̀ǹpútà lónìí.”

“Don Galo, òní nìkan la ní.”

“Mo ní má wá.”

Ó pa fóònù mọ́ mi létí. Inú bí mi débi pé mo jẹ bizcocho yẹn tán láì mọ̀ pé mò ń jẹun. Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní ọjọ́ mìíràn, kó tiẹ̀ jẹ́ wákàtí díẹ̀. Níbo ni wákàtí wà? Tọ̀sán-tòru là ń di òdòdó, bí àwọn obìnrin kan ṣe ń lọ sílé làwọn mìíràn ń wọlé. Mo pe àwọn tó ṣe ètò náà pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kún un fún wa. Ọmọbìnrin olóhùn oyin kan ní wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ mi, wọ́n á dá mi lóhùn. Mo ṣì ń retí wọn.

Ọjọ́ tí ẹrù ìkẹyìn máa lọ ni omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Oòrùn àárọ̀ ti bọ́ sórí òkè, ọkọ̀ akẹ́rù ti fi ìdí sí ẹnu gbọ̀ngàn, àwọn obìnrin ń di òdòdó wàràwàrà. Lójijì, ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé àlẹ̀mọ́ dákẹ́. Ariwo rẹ̀ ti mọ́ mi lára débi pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló mú mi fò dìde lórí àga. Mo sáré wọ yàrá Ìyá Àgbà. Ó ti kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ gàdàgbà pé òun ń gba àtúnṣe, kí ẹnikẹ́ni má pa òun. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló tíì ṣe. Mo di etí tábìlì mú.

Klever yọ orí wọlé. Lọ́jọ́ yẹn, kò rántí ṣe àmì àgbélébùú.

“Germania, ìwé ò jáde mọ́.”

“Mo mọ̀.”

“Ìgbà wo ló máa jáde?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò níbí kó tó di ọ̀sán o. Gbogbo oko ló ti gba àyè inú ọkọ̀ òfurufú tán, tí eléyìí bá lọ láìgbé tiwa, kò sí òmíràn.”

“Klever, mo ní mo mọ̀.”

“Jẹ́ kí n ṣáà rí nǹkan sọ fún dírẹ́bà. Ó ti ń bú mi.”

“Ní kó máa bú èmi.”

“Ó ti bú ọ tán kó tó kàn mí.”

Ó lọ. Mo jókòó síwájú Ìyá Àgbà, mo tẹjú mọ́ ọn. Ìdá mẹ́jọ. Ìdá mẹ́jọ náà ni. Ìdá mẹ́sàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀rín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀rọ. Mo ní, Ìyá Àgbà, ẹ ṣàánú wa, ẹ rántí ìyá mi. Ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì tán pátápátá, kò ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí mo lè lò. Nígbà tó dé ìdá ogún, yàrá tútù tí à ń kó òdòdó pamọ́ sí ti kún dẹ́nu, wọ́n sì ti ń to òdòdó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gbọ̀ngàn. Oòrùn ń ta sórí páànù. Róòsì tó bá pẹ́ nínú irú ooru yẹn, ọrùn rẹ̀ á rọ, ìyẹn sì ni òpin rẹ̀.

Don Galo dé. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀.

“Pa á.”

“Kò ṣeé pa.”

“Ẹ̀dà tó o ṣe ńkọ́?”

“Ẹ̀dà wà. Láti fi jí i, ó máa gba òní àti ọ̀la.”

Ó lọ tààrà sí ibi tí wáyà iná ti wọ ògiri. Mo sáré lọ dúró síwájú rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti wáyà náà.

“Kúrò níbẹ̀.”

“Mi ò kúrò. Ó ti tú inú ara rẹ̀ palẹ̀, kò tíì tò ó padà. Tẹ́ ẹ bá fà á yọ báyìí, ó tán nìyẹn.”

“Tí mi ò bá fà á, ṣé ó máa jí kí ọkọ̀ tó lọ?”

“Ó lè jí.”

“Ó lè jí,” ó ní. “Ẹnjiníà ni mo ní kí wọ́n bá mi wá, àlùfáà ni wọ́n mú wá fún mi.”

“Mo bẹ̀ yín fún ọjọ́ Àìkú kan. Ẹ fún mi, ẹ sì gbà á padà. Ta ló fa eléyìí?”

“Àwọn èèyàn ló wà lọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n wá máa wo ojú ẹ̀rọ tó sùn ni?”

“Èèyàn wo?”

Ó wo ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin ti péjọ síta, mò ń gbọ́ ìró bàtà òjò wọn. Don Galo fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó fa páálí òfìfo kan, ó jókòó lé e. Ojú rẹ̀ wálẹ̀.

“Àwọn olóko ńlá tó wà nísàlẹ̀ odò. Wọ́n fẹ́ sanwó fún mi kí n fi oníbàárà wa ní Miami sílẹ̀ fún wọn. Wọn ò fẹ́ oko, wọn ò fẹ́ gbọ̀ngàn, wọ́n ní òdòdó tiwọn àti èèyàn tiwọn. Ọjọ́ Àìkú yẹn ni mo fi ohun gbogbo tí oníbàárà náà ń rà hàn wọ́n nínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní tí ẹrù olólùfẹ́ yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìlábùkù, àwọn á fọwọ́ sí i.”

Mo kọ́kọ́ rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa ni.

“Ẹ sọ fún wa pé tí ẹrù bá lọ, oko ò ní tì.”

“Mo ní tí kò bá lọ, mo máa tì í. Ẹ̀yin lẹ sọ ìyókù fún ara yín.” Ó fi ọwọ́ nu ojú. “Bàbá mi ló gbin róòsì àkọ́kọ́ síbí. Ó ti rẹ̀ mí, Germania. Wọ́n á mú ìwọ, mo ti bá wọn sọ ọ́. Ìyá Àgbà àti ìwọ.”

“Ìyá mi ńkọ́?”

“Ìyá ẹ ti dàgbà.”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ́ẹ́, bí ẹni sọ pé òjò ń bọ̀. Mo fẹ́ gbá a létí. Mo fẹ́ jókòó sílẹ̀ kí n ké. Mi ò ṣe ìkankan, torí pé ó dìde, ó tún wo wáyà tó wà lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà.

“Sọ òótọ́ fún mi, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Tí mo bá fà á yọ, tí mo tún ki í bọ̀ ọ́, ṣé kò ní yá ju báyìí lọ? Ohun tó o bá sọ ni mo máa ṣe.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo ohun tó gbé lé mi lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù. Kí n ṣáà ní, “Ẹ fà á,” Ìyá Àgbà á kú, ẹrù ò ní lọ, àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ò sì ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Don Galo lè ti oko pa náà. Ó sì lè má tì í. Ẹni tí kò rí ẹni tà á fún lè máa fà á lọ fún ọdún kan sí i. Mi ò mọ̀. Àmọ́ tí ẹrù bá lọ, mo mọ̀ pé ó máa tì í. Mo wo ojú ẹ̀rọ, ó ti dé ìdá àádọ́rin.

Ìyá mi kan ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ láti ìta.

“Germania, àwọn òdòdó tó wà nílẹ̀ ti ń tẹrí ba o. Ṣé ká máa dì í lọ, àbí ká dúró?”

Ó tún kàn án.

“Ṣé o ń gbọ́ mi, ọmọ mi? Kí là ń ṣe?”

“Ẹ máa dì í lọ, Màmá,” mo ní. Mo sì kọjú sí Don Galo. “Ẹ má fà á.”

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Mo ti bi ara mi títí ọ̀rọ̀ fi kórò lẹ́nu mi. Ó lè jẹ́ torí pé iṣẹ́ mi ni pé kí ẹ̀rọ má kú mọ́ mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi ò sì mọ nǹkan mìíràn í ṣe. Ó lè jẹ́ torí òdòdó tó wà nílẹ̀, tí wọ́n fi gbogbo òru dì. Ó sì lè jẹ́ torí pé ó ní wọ́n á mú mi. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Àgbà jí. Ó ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀ tí mo fi rò pé ó ti gbẹ́mìí mì, ó tún tàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé sọjí lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé ń dà jáde wìtìwìtì, ariwo sì ta ní gbọ̀ngàn. Gbogbo èèyàn ló di aláàárù. Klever ń ju páálí, dírẹ́bà tó ń bú wa láàárọ̀ ń bá a gbà á, Don Galo pàápàá bọ́ kóòtù, ó ń fi èjìká ti ẹrù. Àwọn òdòdó tí ọrùn wọn ti rọ, wọ́n yọ wọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyókù wọlé. Ọ̀sán kù díẹ̀ kó pọ́n nígbà tí wọ́n ti ìdí ọkọ̀ náà, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà Quito.

Àwọn obìnrin pariwo títí ohùn wọn fi há. Klever tan orin sórí fóònù rẹ̀, wọ́n ń jó nínú ewé àti ẹ̀gún pẹ̀lú bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Ìyá mi kúrò láàárín wọn, ó wá dì mọ́ mi, òórùn ewé róòsì wà lára rẹ̀.

“A ti gba oko wa là. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ò ní jẹ́ kó bà jẹ́. Ṣé o rí Lastenia, tó ní òun ò ní padà wá lẹ́yìn Àjíǹde? Ó ní òun ń bọ̀ báyìí.”

“Màmá, ẹ wá jókòó.”

“Kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe? Wọ́n ń jó.”

Mo fà á wọ yàrá Ìyá Àgbà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mi ò fi ọ̀kan bò. Àwọn ará ìsàlẹ̀ odò, ọjọ́ Àìkú, ohun tí Don Galo sọ nípa ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, kò ké, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

“Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn, tí mo ní kí là ń ṣe, ṣé o ti mọ̀?”

“Mo ti mọ̀, Màmá.”

“Ìwọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ń mú ọ?”

“Wọ́n ní àwọn á mú mi.”

Ó mi orí. Ó sún mọ́ ojú fèrèsé, ó ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lastenia ti fi dírẹ́sì rẹ̀ há ìbàdí, ó ń fi ìgbálẹ̀ jó. Mo dìde, mo ní èmi ni mo máa lọ sọ fún wọn. Ìyá mi di apá mi mú.

“Fi wọ́n sílẹ̀ ná. Jẹ́ kí wọ́n jó tán.” Kò yíjú sí mi. “Ọgọ́ta la dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, Germania. Ó yẹ kó o ṣí i, kó o bi wá.”